Aago Mélòó Lo Ṣíwọ́?

Iṣẹ́ téèyàn bá ń ṣe kì í pẹ́ wọ èèyàn lára. Bí o bá pàdé aránṣọ lójú ọ̀nà, kó tó kí ọ, á ti wo etí aṣọ rẹ bóyá rírán rẹ̀ tọ́. Ní ti ọmọbìnrin tí à ń wí yìí, aago ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹnu géètì ilé ìwòsàn kan ló ń jókòó sí. Ó ní tábìlì kan, ó ní báírò méjì tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì nítorí àwọn ọlọ́wọ́ wẹ́rẹ́, ó sì ní ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fa ìlà sí: orúkọ, ẹni tí o wá rí, ohun tí o wá ṣe, aago tí o wọlé, aago tí o jáde. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe é. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí ìyá rẹ̀ bá sáré lọ ra ọṣẹ tó sì padà dé, á ní, "Ẹ kúùrìn Màámi. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún." Akọ̀wé ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan dókítà àgbà.

Lọ́jọ́ kan, wẹ́dà kan wá jó irin géètì tó já. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì kọ̀wé, ó ń wọlé lọ. Akọ̀wé wo ìwé, ó wo aago ara ògiri, ó tún wo ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà wá."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ti jáde."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi ni mo dúró yìí o."

"Nínú ìwé, ẹ wọlé láago mẹ́wàá, ẹ sì jáde láago méjìlá. Aago méjìlá ò tíì lù."

"Háà, àǹtí, mo kàn fẹ́ dín iṣẹ́ yín kù ni. Kí n má baà tún padà wá dà yín láàmú."

"Ẹ máa bọ̀ wá dà mí láàmú. Owó ìyẹn ni wọ́n ń san fún mi. A kì í kọ ìjáde kí a tó jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. Eérú irin wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó jọ ẹni tó hu irun funfun láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó padà wá, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà tuntun, ó fi àyè ìjáde sílẹ̀. Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló tó jáde. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ojú irin náà ti gbà. Ojú irin ti gbà láti àná. Iṣẹ́ tí kò tó òwúrọ̀ kan, wẹ́dà yìí fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe é, Akọ̀wé sì ń wò ó bíi pé òun ò mọ ohun tó ń lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, níbi tí wọ́n ní kó kọ ohun tó wá ṣe sí, ó kọ ọ́ gbàgàdà pé, "Mo wá wo Akọ̀wé." Òfin ilé ìwòsàn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé yẹn. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló kà á tán kílẹ̀ tó ṣú.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ṣe alárinà ni ẹ̀gbọ́n wẹ́dà lóbìnrin, onídìrí kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Wàràwàrà, nítorí kì í jókòó, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó jókòó simi. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló ń gbé èsì bọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ lọ bá ìyá ọmọ.

Ìyá ọmọ ò kọ wẹ́dà. Ìrìn àjò ló kọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan gba wẹ́dà àti àwọn méjìlá mìíràn, tó ní òun máa rán wọn lọ sí orílẹ̀-èdè kan lókè òkun lọ jó irin ọkọ̀ ojú omi fún oṣù méjìdínlógún, ṣe ni ìyá gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀.

"Bàbá rẹ náà, ọdún kan ló ní òun ń lọ. Ìgbà tó lọ, o ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́tà ń dé, lẹ́tà ń dé, ó di ìkíni lẹ́nu èèyàn, ìkíni náà sì dákẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó jókòó sílé."

"Màámi, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe. Ó fẹ́ fi wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín ni."

"Kí ló fẹ́ fi tọrọ rẹ tí kò sí nílé?" Ó tún gbé abọ́. "Ó dáa. Oṣù méjìdínlógún, n ó máa kà á. Bó bá fi ọjọ́ kan kọjá, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi ni n ó ṣí i fún."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ gba ìwé níléeṣẹ́, wẹ́dà wá bá Akọ̀wé lẹ́nu géètì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní àwọn ti fọwọ́ sí gbogbo ìwé tán, tó fi mọ́ ìwé wákàtí iṣẹ́ oṣooṣù, méjìdínlógún, kí wọ́n má baà máa fi ìwé ránṣẹ́ síwá sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n kọ sínú ẹ̀?"

"Kò tíì sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Àwọn náà á kọ ọ́ tó bá yá."

Akọ̀wé gbé báírò sílẹ̀. "O fọwọ́ sí wákàtí tí o ò tíì ṣe?"

"Wákàtí mẹ́jọ ni lójúmọ́, Àìkú sì ni ìsinmi. Wọ́n ti sọ ọ́. Kí ló tún kù?" Ó fa etí rẹ̀ díẹ̀. "Gbọ́, aago ọ̀hún àti tibí ò yàtọ̀. Wọ́n ní wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ ibi iṣẹ́. Ẹnu géètì la ó máa fi sílẹ̀, ẹnu géètì la ó ti máa gbà á. Láago márùn-ún, bí mo bá ti gba fóònù, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ pè."

Ó gbàgbọ́, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, aago márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di mẹ́fà ààbọ̀. Ìgbà tó máa fi di oṣù kejì, ó ti di aago mẹ́jọ kọjá, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Akọ̀wé á ti ṣíwọ́, á ti wẹ̀, á ti jẹun, fóònù onítẹ̀-ẹ̀ kékeré rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bó bá pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú: "A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Iṣẹ́ ò le. Ṣé Màámi wà dáadáa?" Kì í ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ohùn rẹ̀, obìnrin kan máa ń rẹ́rìn-ín.

Ta lobìnrin yìí? Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ̀rín ẹni tó mọ ilé ni.

Ìyá rẹ̀ kàn ń wo aago, ó sì ń fi ìka ka oṣù.

Ìgbà tí ọkàn Akọ̀wé ò balẹ̀ mọ́, ó ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ra ìwé ọlọ́gọ́rin ewé kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, aago tó ṣèlérí, aago tó pè, ohun tó sọ, ohun tí mo gbọ́. Ó fẹ́ fi mú un ni. Ó ní lọ́jọ́ tó bá dé, òun á gbé ìwé yìí síwájú rẹ̀, á wá ṣàlàyé ara rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé òpin. Báyìí ló ṣe ń kọ ọ́:

"Ajé. Ìlérí: márùn-ún. Ó pè: mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ọ̀gá ní kí wọ́n parí abẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ obìnrin yẹn. Òpùrọ́."

"Ọjọ́rú. Ìlérí: márùn-ún. Ó pè: mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sùn lọ nígbà tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́ tó báyẹn? Òpùrọ́ aláìnítìjú."

"Àìkú. Ó ní òun lọ síbi iṣẹ́. Ibi iṣẹ́ wo ló ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú? Ó pè: mẹ́jọ. Ó rò pé òmùgọ̀ ni mí."

Lóṣù kẹwàá, ìyá rẹ̀ ò lè dúró kó pé méjìdínlógún mọ́, ó ní ọkùnrin kan fẹ́ wá kí àwọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń ta táyà. Akọ̀wé ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n láti àná ni fóònù ò ti dún, ló bá ní, "Kó máa bọ̀." Onítáyà dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú bàtà tuntun tó fún un lẹ́sẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, kò ṣe fáàrí, ó ní ilé òun ò ju ọ̀nà ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ilé ìwòsàn, láago mẹ́fà géérégé òun á ti máa wà nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Akọ̀wé lákínyẹmí ara. Ẹni tó ń wà nílé láago mẹ́fà! Lẹ́yìn tó lọ, ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́:

"Àìkú. Onítáyà wọlé: mẹ́ta. Ó jáde: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wẹ́dà ò pè títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Bó bá ń bá a lọ báyìí, n ó gbà fún Onítáyà."

Ó kọ ọ́ tán, ó sunkún, ó sì pa ìwé dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni nǹkan yí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nídìí tábìlì rẹ̀, fóònù dún. Wẹ́dà ni. Aago méjì ọ̀sán! Láti ìgbà tó ti lọ, kò pè é lọ́sàn-án rí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá. Ọ̀kan nínú wa ló sùn lọ lórí àkàbà, ó já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. A ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. A lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó já ògiri. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń jáde, Àìkú pẹ̀lú. Àwọn mẹ́fà-mẹ́fà ló wà nínú yàrá kan. Owó tí wọ́n ń san nílé níbí náà ni wọ́n ń san fún wọn. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n jọ ń jó irin kan náà ń gba ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì ń ṣíwọ́ láago mẹ́rin.

"Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà ní ìyà tó jẹ wá kò bófin mu. Ó ní ẹni tí wọ́n rán wá síbí wá ṣiṣẹ́, òfin ibí ló dè é: wákàtí ibí, owó ọ̀yà ibí, ìsinmi ibí. Kò sóhun tó kan ibi tí wọ́n ti gbà á."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí ìyá rẹ lè gbọ́ pé mo wá jìyà? Mo ní kí n fara dà á, kí n parí ẹ̀, kí n wálé." Ó kẹ́dùn. "Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti kó ìwé wá. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, Àìkú ìsinmi, oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wa. O ti kìlọ̀ fún mi. Bí a bá pàdánù, wọ́n á yọ owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó yàrá lára wa, ọwọ́ òfo ni n ó fi wá bá Màámi. Obìnrin ọ́fíìsì ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an, ká mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi wá bi í pé, ta ló ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Ojú Akọ̀wé wà lára aago ògiri. Fóònù tirẹ̀ ò rántí ju ìpè mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ìwé wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nílé, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ tí ó ti kọ sínú rẹ̀.

"Obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?" Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Obìnrin wo?"

"Èyí tí mo máa ń gbọ́."

"Áà! Ìyá arúgbó tó ń pín fóònù lẹ́nu géètì. Bó bá ti rí mi tí mò ń sáré bọ̀ wá gba fóònù, á ní ìyàwó mi á ti máa retí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. Ojú tì í dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀.

Kò tí ì pé wákàtí kan lẹ́yìn tó ṣíwọ́ tó fi dé ìsọ̀ Àǹtí Wàràwàrà. Àǹtí ń di irun ẹnì kan lọ́wọ́. Ó fi apá kan orí sílẹ̀ láìdì, ó gba ìwé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òpùrọ́ aláìnítìjú! Àbúrò mi! Yéè!" Nígbà tó dé ojú ewé Onítáyà, ẹ̀rín tán.

"Ìyàwó wa."

"Àǹtí."

"Ṣé ó mọ eléyìí?"

"Rárá o, mà."

"Kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ da ìwé yìí kọ. Aago nìkan ni kó o kọ, má kọ èébú, má kọ táyà. N ó fi ránṣẹ́ fúnra mi."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Akọ̀wé fi ń da ìwé kọ, ó ti kọ ogójì ojú ewé kí wẹ́dà tó tún pè. Ìgbà náà ló sọ fún un pé òun ní ìwé kan níbi tí òun ti ń kọ aago tó bá pè. Kò sọ ìdí rẹ̀. Inú wẹ́dà dùn débi pé ó kígbe, àwọn tó kù kígbe tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ó ní, "Wọn ò gba àdàkọ o. Ojúlówó ni wọ́n fẹ́, gbogbo ẹ̀. Bí ewé kan bá ya, ilé iṣẹ́ á ní a ti yí i. Wọ́n á kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa."

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìwé lórí itan, abẹ bíléèdì lọ́wọ́. Ewé kan ṣoṣo ni, ewé Onítáyà. Bó bá fà á ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ta ló máa mọ̀? Ó yí i padà. Àìkú mẹ́ta mìíràn ló wà lẹ́yìn ewé náà, Àìkú mẹ́ta tí wẹ́dà ti àárọ̀ dé alẹ́ jó irin, tí àwọn méjìlá yòókù náà jó o. Ó gbé bíléèdì sílẹ̀. Ó tún mú un.

"Kí lò ń gé?"

Ìyá rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé rò pé òun á purọ́, ṣùgbọ́n ó ti sú u. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé ìwé fún un. Ìyá jókòó sórí pẹpẹ, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà á pẹ́. Akọ̀wé ò wo aago.

"'Ó sùn lọ nígbà tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀,'" ni ìyá kà jáde. Ó bọ́ gíláàsì. "Ọmọ mi, aago mélòó ni bàbá rẹ ń ṣíwọ́ níbi tó lọ?"

"Èmi ò mọ̀, Màámi."

"Èmi náà ò mọ̀. Mi ò bi í rí. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ó ń sọ pé ó rẹ òun. Lẹ́tà á wá kéré, ó rẹ òun. Mo ní irọ́ ni, obìnrin ló ń rẹ̀ ẹ́. Inú bí mi." Ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u. "Lẹ́tà mẹ́ta ló kẹ́yìn. Mi ò fèsì ìkankan."

Akọ̀wé wo ìyá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn yìí, kò gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn rí. Ó fẹ́ bínú, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

"Bóyá ó ní ẹlòmíràn lóòótọ́," ni ìyá wí. "Bóyá kò ní. Èmi ni mi ò jẹ́ kí n mọ̀." Ó gba bíléèdì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Fi ìwé ránṣẹ́ bó ṣe wà. Bó bá fẹ́ lọ, kó mọ ohun tó ṣe kó tó lọ. Èyí sàn ju tèmi lọ."

Àǹtí Wàràwàrà ló gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ kíákíá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Akọ̀wé lọ bá Onítáyà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kó máà bínú, òun ò lè fẹ́ ẹ. Onítáyà ní, "Mo mọ̀. Aago lò ń wò nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín." Èèyàn dáadáa ni, ká sọ tòótọ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ dé, ó kọjá. Fóònù ò dún. Àǹtí ló gbọ́ bó ṣe lọ láti ẹnu ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà, ó sáré wá sọ ọ́ lẹ́nu géètì, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A borí! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ògbufọ̀ kà á látòkèdélẹ̀. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ dìde, ó ní ìwé olólùfẹ́ ni, olólùfẹ́ àbúrò mi ló kọ ọ́ láti fi gbè é. Obìnrin ọ́fíìsì wá bi í pé, 'Ẹ̀rí èké wo lẹ rí tí wọ́n ti ń pe ẹni tí wọ́n ń gbè ní òpùrọ́ nígbà mẹ́tàlélọ́gọ́rin?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín! Ìyá tó ń pín fóònù dìde, ó ní òun lobìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni gbogbo aago yẹn. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ san gbogbo wákàtí tó lé, ní iye ibẹ̀, tó fi mọ́ Àìkú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán náà á gba tirẹ̀, ẹni tó bá sì wù lè máa bọ̀ wálé."

"Àti òun? Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

Àǹtí Wàràwàrà jókòó. Akọ̀wé ò rí i kó jókòó rí. "Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ọ̀rọ̀ táyà, ó jáde síta."

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bó bá pè é, fóònù rẹ̀ á máa dún títí, kò ní gbé e. Akọ̀wé ò ní ìwé tó máa kọ ọ́ sí mọ́. Níbi iṣẹ́, ó ṣi aago kọ lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀sì kan sì bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Bó bá délé, ìyá rẹ̀ á bu omi fún un, á jókòó tì í. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá ti lọ náà nìyẹn, ó kéré tán wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ò tù ú nínú rárá.

Lọ́jọ́ kẹwàá, láago mẹ́ta ọ̀sán, ó tẹrí mọ́ ìwé, ó rí ẹsẹ̀ ẹnì kan àti àpótí kan. Kó tó gbójú sókè ló ti mọ̀. Kò mọ bí òun ṣe máa pè é, ló bá bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kọ orúkọ yín."

"O ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yin kí mi." Ó ti gbẹ, ìpéǹpéjú rẹ̀ mọ́. Kò mú báírò. "Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́rin."

"Mi ò kà á."

"Wọ́n bá ọ kà á. Onítáyà ńkọ́?"

"Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá mọ́. Ọjọ́ tí mo fi ìwé ránṣẹ́ ni."

"Kí ló dé tí o kò fa ewé yẹn ya? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun."

"Àìkú mẹ́ta rẹ wà lẹ́yìn ẹ̀."

Ọkùnrin náà wo géètì tó jó, ó fi ìka tọ ojú irin náà bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì gbà. "Mo bínú fún ọjọ́ márùn-ún," ló wí níkẹyìn. "Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, mò ń ro ohun tí n ó sọ. Lóòótọ́, èmi ni mo ń pè ọ́ lálaalẹ́ tí mò ń sọ pé iṣẹ́ ò le. Irọ́ kọ́ ni?"

"Irọ́ ni."

"Ó pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nìyẹn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Wẹ́dà mú báírò olókùn, ó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí o wá rí: Akọ̀wé. Ohun tí o wá ṣe: mo wá fẹ́ ẹ. Aago tí o wọlé: mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó wo aago ògiri kó tó kọ ọ́.

"Aago mélòó lo ń ṣíwọ́?" ló bi í.

"Mẹ́fà."

"Mo máa dúró."

Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi nínú ọgbà, ó jókòó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí oorun fi gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta wá wò ó, wọ́n lọ ka ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Láago mẹ́fà, Bàbá Ọlọ́dẹ dé láti gba iṣẹ́. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn méjèèjì ti ń bá géètì lọ, wẹ́dà gbé àpótí, Akọ̀wé gbé báàgì.

"Ọmọ mi, dúró ná. Ẹnì kan wà níbí tó wọlé láago mẹ́ta. O ò kọ aago tó jáde."

Akọ̀wé yíjú padà. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kò fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo rí.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ló wí. "Kò ní jáde."